Èènì Tó Di Ọjà: Bí Ṣíńgọ́ọ̀mù Tuntun Ṣe Lè Rẹsẹ̀ Walẹ̀ ní Adó-Èkìtì

Kò sí ará Adó tó ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Bàsírì lọ sí Ọjà Ọba nítorí àtira ṣíńgọ́ọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu ti ní iṣu lọ́kàn kó tó jáde nílé. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ti ń ṣírò owó rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ti ṣíńgọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀: ojú ló ń kọ́kọ́ rí i kí ọkàn tó fẹ́ ẹ. Bí ojú kò bá rí i, ọkàn kò ní béèrè rẹ̀, owó kékeré tí à bá fi rà á yóò sì bá nǹkan mìíràn lọ. Orí èyí ni gbogbo iṣẹ́ gbígbé ṣíńgọ́ọ̀mù tuntun jáde dúró lé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é lọ bá ni ẹni tó máa gbé e sórí àtẹ. Ẹni tó máa jẹ ẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ara tó ti rí oúnjẹ jẹ ni àgúnmu ń ṣe lóore. Ariwo orí rédíò, pátákó ńlá ní Fájuyì, orin àti ijó orí fóònù, àgúnmu ni gbogbo wọn. Oúnjẹ òwò ni kí ọjà wà nítòsí ẹni tó lè rà á, ní iye tó wà lápò rẹ̀, lójoojúmọ́, láìdáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ọjà kékeré ló ti kú nílẹ̀ yìí nítorí pé àgúnmu ni wọ́n kọ́kọ́ fún un mu.

Ọmọ Èkìtì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ ohun tí kì í tán lẹ́nu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí agbálùmọ̀ bá ti pọ́n nínú oko kòkó, ọmọdé yóò fa omi rẹ̀ mu, yóò pọ́n kóró rẹ̀ lá, yóò wá máa rún ẹran rẹ̀ mọ́ èèpo títí yóò fi di ohun tó ń fà lẹ́nu bíi rọ́bà. Igi agbálùmọ̀ àti igi tí ṣíńgọ́ọ̀mù ayé òde òní ti ṣẹ̀ wá, ìdílé kan náà ni wọ́n. Oje igi sapodilla, tí wọ́n ń pè ní chicle, ni àwọn ará Mẹ́síkò ń jẹ láti ìgbà pípẹ́. Ní bíi 1869, ọkùnrin ará New York kan tó ń jẹ́ Thomas Adams gba oje yìí, ó fẹ́ fi rọ́pò rọ́bà, kò sì ṣe é ṣe. Ó bá sọ ọ́ di ohun jíjẹ, ó sì gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe é lọ́dún 1871.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà tí wọ́n pò fúnra wọn rọ́pò oje igi. Èròjà tó jọ rọ́bà ló ń mú kó fà, òun ni itọ́ ẹnu kò lè yọ́. Ṣúgà àti adùn tí wọ́n pò mọ́ ọn ni itọ́ ń yọ́, ìdí nìyẹn tí adùn fi ń tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ìyókù sì ń bẹ lẹ́nu. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni oníbàárà ti ń pinnu bóyá òun yóò tún rà á tàbí òun kò ní rà á mọ́. Kò sí ìpolówó tó lè bá a pa ìpinnu náà dà.

Ìtàn ẹni tó fi ṣíńgọ́ọ̀mù dọ́lọ́rọ̀ yẹ kí oníṣòwò Èkìtì mọ̀. William Wrigley dé Chicago lọ́dún 1891, dọ́là 32 ló sì mú dání. Ọṣẹ ló ń tà. Kí àwọn onísọ́ọ̀bù lè máa kó ọṣẹ náà, ó ń fi ìyẹ̀fun tó ń mú búrẹ́dì wú ṣe èènì fún wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń béèrè ìyẹ̀fun ju ọṣẹ lọ, ló bá pa ọṣẹ tì, ó di oníyẹ̀fun. Lọ́dún 1892, ó tún ń fi páálí ṣíńgọ́ọ̀mù méjì ṣe èènì lórí agolo ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan. Èènì tún borí ọjà. Wrigley kò bá àwọn oníbàárà rẹ̀ jiyàn, ó tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń béèrè. Lọ́dún 1893, ó gbé Juicy Fruit àti Spearmint jáde, méjèèjì ṣì wà lórí àtẹ títí dòní.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ohun tó ṣe lọ́dún 1907. Ìṣòro owó dé bá Amẹ́ríkà, àwọn oníṣòwò ń dín ìpolówó kù, Wrigley sì lọ yá owó, ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù dọ́là ra ààyè ìpolówó tí ì bá ná an ju mílíọ̀nù kan lọ nígbà tí nǹkan rọgbọ. Wọ́n tún mọ̀ pé lọ́dún 1915, ó fi ṣíńgọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé tẹlifóònù. Ohun tí wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni ohun tó ti ń ṣe kí ìwọ̀nyí tó ṣẹlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onísọ́ọ̀bù ló ń fún ní èènì: àtùpà, òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ kọfí, gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí oníkálukú kó. Nígbà tí ìpolówó ńlá 1907 dé, ṣíńgọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wà lórí káńtà. Nígbà tí ti ọ̀fẹ́ wọ ilé àwọn ènìyàn ní 1915, ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ kò ní rìn jìnnà kó tó rí òmíràn rà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: ọlọ́jà ni àkọ́kọ́, ariwo ni ìkejì, ọ̀fẹ́ ni ìkẹta.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọjà tó sún mọ́ ṣíńgọ́ọ̀mù jù tó sì ti tọ́jọ́ ni súùtì TomTom, tí Cadbury ń ṣe ní Agidingbi, Ìkẹjà, láti ọdún 1970. Ẹ wo bó ṣe rí. Ilà dúdú àti funfun ara rẹ̀ kò nílò kí ènìyàn mọ̀wé kà kó tó dá a mọ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní bébà tirẹ̀, nítorí náà ìyá alátẹ lè tú àpò, kó tà á ní ẹyọ kan tàbí méjì. Ó wà ní gáréèjì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, ó wà nínú ọpọ́n ọmọ tó ń kiri láàárín mọ́tò. Ṣíńgọ́ọ̀mù tuntun tó bá fẹ́ wọ Adó, TomTom ló ń lọ bá lórí àtẹ, pẹ̀lú obì, orógbó àti ẹ̀pà. Gbogbo wọn ló ń du ẹnu kan náà àti owó kékeré kan náà.

Kí ọjà náà tó kúrò ní ilé-iṣẹ́, ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì fún un ní nọ́ńbà. Ara páálí gbọ́dọ̀ fi orúkọ ọjà hàn, àti àwọn èròjà inú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́. Orúkọ ọjà náà yẹ kó gba ìforúkọsílẹ̀ ní Àbújá, ní ìsọ̀rí 30, níbi tí súùtì àti ṣíńgọ́ọ̀mù wà. Ọdún méje ni ààbò àkọ́kọ́, ènìyàn á sì máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Ìpolówó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó, kí rédíò tó gbé e, òfin ọdún 2022 ló sì fún àjọ náà lágbára tó ní báyìí. Àwọn ìwé wọ̀nyí ń gba àkókò àti owó, ṣùgbọ́n ọlọ́jà tó bá ti rí i tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó ọjà tí kò níwèé lọ lórí àtẹ rẹ̀ rí kì í gbàgbé. Yóò yí páálí wo kó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Iye owó ló kàn. Owó ẹyọ 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2007 kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mọ́. Nítorí náà, iye tí a bá fi lé ṣíńgọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá owó bébà mu, bóyá méjì ní ₦50 tàbí mẹ́rin ní ₦100. Iye tó bá máa ń mú ọlọ́jà wá ṣéńjì kiri kò ní pẹ́ lórí àtẹ rẹ̀. Láti inú ìṣòro ṣéńjì yìí kan náà ni ọ̀nà títà kan ti yọ. Ní ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀bù ńlá àti ilé oògùn, bí ṣéńjì bá wọ́n, súùtì tàbí ṣíńgọ́ọ̀mù ni wọ́n ń fi dí i. Ẹni tí kò ní i lọ́kàn láti ra ọjà rẹ á kúkú tọ́ ọ wò lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń gba owó kọ́kọ́ béèrè bóyá oníbàárà fẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n bá fi ipá lé ènìyàn lọ́wọ́ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀nà tí ọjà ń gbà, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Láti Èkó tàbí Ìbàdàn, mọ́tò á gbé kátọ́ọ̀nù dé ọ̀dọ̀ olùpín-ọjà ní Adó. Òun ni yóò pín in fún àwọn tó ń tajà lósùnwọ̀n ńlá ní Ọjà Ọba àti Ọjà Bísí. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn aláròóbọ̀ ti ń rà á ní páálí kọ̀ọ̀kan: ìyá tó ní àtẹ ní Ìjìgbò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní kíósì ní Ajílòsun, obìnrin tó ń gbé ọjà lọ sí Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìgèdè àti Ìfàkì nígbà tí ọjà ibẹ̀ bá pé. Ọjà ọrọọrún ṣì pọ̀ ní ìlú wa. Ẹni tó bá ń pín ọjà ní Èkìtì tí kò mọ ọjọ́ tí ọjà ìlú kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí, yóò máa dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Ìṣirò aláròóbọ̀ kì í fì. Ká sọ pé páálí ṣíńgọ́ọ̀mù kan ní ẹyọ 100, méjì sì ni ₦50. ₦2,500 ni gbogbo owó tó máa wọlé. Bí ọlọ́jà bá ra páálí náà ní ₦2,200, ₦300 ni èrè rẹ̀. Bí òmíràn bá wà tó ń rà ní ₦2,000, ₦500 ni yóò jẹ lórí rẹ̀. Lórí àtẹ tí kò fẹ̀ ju ìgbòòrò apá méjì lọ, èwo ni yóò tò síwájú? Èwo ni yóò nawọ́ sí nígbà tí oníbàárà bá ní, “Ẹ fún mi ní ohun tí mo lè jẹ lẹ́nu”? Nínú gbólóhùn kúkúrú yẹn ni a ti ń ta ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọjà kékeré, ọlọ́jà ló sì ń yàn fún oníbàárà. Ilé-iṣẹ́ tó bá kó gbogbo owó ìpolówó rẹ̀ lé ohùn orí afẹ́fẹ́, tó wá ń du ₦200 mọ́ ìyá alátẹ lọ́wọ́, ó ti gbàgbé ẹni tó ń bá a tajà.

Èènì ọlọ́jà kò ní láti jẹ́ owó nìkan. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù wọlé lọ́dún 2001, agboòrùn tí wọ́n fún àwọn tó ń ta káàdì ló gbé àwọ̀ wọn dé gbogbo oríta. Oòrùn kò pa ọlọ́jà mọ́, ilé-iṣẹ́ sì rí pátákó tí kò sanwó ilẹ̀ fún. Ìgò tó ní ìdérí fún ṣíńgọ́ọ̀mù, àpótí kékeré tí ọmọ akirità lè gbé kọ́rùn, agboòrùn tó dára, gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n tún ń dáàbò bo ọjà, nítorí ṣíńgọ́ọ̀mù tó bá pẹ́ nínú oòrùn yóò rọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ bébà rẹ̀.

Àwìn náà ni. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ ọ́n. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kó aṣọ wọ àwọn ìlú Èkìtì, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó wọn láìjẹ́ kó sún ọjọ́. Ọjà ń dé ibi tí owó kò tíì dé nítorí àwìn. Bí olùpín-ọjà bá fún aláròóbọ̀ ní páálí àkọ́kọ́ láìgba owó, tó sì gba owó rẹ̀ nígbà tó bá gbé ẹ̀kejì wá, ó ti mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ń jẹun lórí èrè òòjọ́ kò lè fi owó ọjọ́ kan dán orúkọ tí kò gbọ́ rí wò.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí a ó tò ó sí. Ẹni tó ń dúró, tó ń rìnrìn àjò, tó ń kàwé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, àwọn ni wọ́n ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù. Lọ́dún 1888, Adams gbé ẹ̀rọ tó ń ta ṣíńgọ́ọ̀mù sí ibùdókọ̀ ojú irin ní New York, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó ń retí ọkọ̀ á máa wá ohun tí yóò fi ẹnu ṣe. Gáréèjì àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn ni tiwa. Lẹ́yìn náà ni ilé oúnjẹ, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń gún iyán. Ẹni tó bá fi ẹja àti irú jẹ iyán tán, tó sì ń padà sí ọ́fíìsì láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó ní ìdí láti ra ṣíńgọ́ọ̀mù tó ní òórùn míńtì, bó bá rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ́nà Ìwòròkò, Pólì Ìjọba Àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ Babalọlá lọ́nà Ìjàn. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń kàwé lóru, ohun tí ẹnì kan bá sì gbádùn, ilé gbogbo yóò gbọ́.

Nígbà tí ọjà bá ti wà ní gbogbo ibi wọ̀nyí ni kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Rédíò ṣì lágbára ní Èkìtì. Ìyá tó wà lọ́jà àti awakọ̀ tó wà lójú ọ̀nà ń gbọ́ rédíò ìpínlẹ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò yòókù tó wà ní Adó. Ìpolówó tí wọ́n bá fi ẹ̀ka èdè Èkìtì ṣe, tí olóhùn dídùn tó mọ̀ ọ́n sọ bá sọ, máa ń mú ènìyàn dúró gbọ́. Ọdún ìbílẹ̀ náà jẹ́ àkókò tó dára. Nígbà Udíròkò, tí ọmọ Adó láti ilẹ̀ jíjìn ń wálé wá bá Èwí, ọba wọn, ṣe ọdún, ẹni tó bá pín ṣíńgọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́ yóò rí ọ̀pọ̀ ẹnu lójú kan. Kó gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò, kó bọ̀wọ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń ṣe ètùtù, kó sì rántí pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kì í máa rún ẹnu. Ìpolówó tó bá fi ọmọ tó ń pa ṣíńgọ́ọ̀mù lẹ́nu níwájú bàbá rẹ̀ hàn yóò mú àwọn òbí bínú ju bó ṣe máa mú àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín lọ.

Àwọn ojúṣe kan wà tí kò yẹ kí èrè mú wa gbàgbé. Ọmọ kékeré lè fi ṣíńgọ́ọ̀mù pa ọ̀fun dí, nítorí náà kò yẹ ká pín in fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kò yẹ ká sọ pé ó ń wo eyín sàn bí ṣúgà bá kún inú rẹ̀. Bí a bá ṣèlérí ẹ̀bùn nínú páálí, kí ẹ̀bùn náà wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Bákan náà, ṣíńgọ́ọ̀mù tí wọ́n tu sílẹ̀ kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Orílẹ̀-èdè Singapore fi òfin dè é lọ́dún 1992 nítorí ìdọ̀tí rẹ̀. Kò yẹ kí tiwa dé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan lára bébà pé kí ènìyàn fi í wé e kó tó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí kò ná ilé-iṣẹ́ ní nǹkan kan.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ̀ pé ọjà ti rẹsẹ̀ walẹ̀? Kì í ṣe nípa iye ènìyàn tó wá síbi ìfilọ́lẹ̀, tàbí iye tó gba ti ọ̀fẹ́. Páálí àkọ́kọ́, ìwúrí àti àwìn lè tà á. Páálí kejì ni ẹlẹ́rìí. Kí olùpín-ọjà ní ìwé tó ń kọ orúkọ aláròóbọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, ọjọ́ tó gba ọjà, àti ọjọ́ tó béèrè òmíràn fúnra rẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún bá gbà á, tí ọgọ́rin sì padà wá, kí wọ́n gbé ìpolówó sórí rédíò láìfòyà. Bí ogún péré bá padà, kí wọ́n dá owó ìpolówó náà dúró, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn ọgọ́rin yòókù, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí oníbàárà sọ. Adùn ni kò pẹ́ ni, tàbí bébà ló ń lẹ̀, tàbí èrè ló kéré? Àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n sì rí i dájú pé ọjà kò tán nílẹ̀. Ẹni tó béèrè orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i yóò mú òmíràn, ó sì lè má padà mọ́. Mo ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì tí wọ́n ń ṣe kúlíkúlí, ìpékeré, zóbò àti súùtì àgbọn nínú ilé, tí wọ́n sì ń rò pé àìní owó rédíò ló ń dá wọn dúró. Ọ̀nà tí ṣíńgọ́ọ̀mù gbà ni tiyín náà yóò gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ ogún péré, ẹ jẹ́ kí èrè ọlọ́jà tó nǹkan, ẹ padà dé lọ́jọ́ tí ẹ ní ẹ ó dé, kí ẹ sì máa kọ páálí kejì sílẹ̀. Ìgbà tí àwọn ìyá alátẹ bá ti ń pè yín lórí fóònù pé ọjà ti tán lọ́wọ́ àwọn, owó ìpolówó tí ẹ bá ná kò ní ṣòfò.